Ife nǹkan oṣù tàbí tampon: èwo ni kí èèyàn mú?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Tampon ni mò ń lò tí nǹkan oṣù bá dé. Ní báyìí, ibi tí mo bá yíjú sí, wọ́n á ní kí n pa á tì, kí n lọ ra ife nǹkan oṣù, pé ife kì í jò, kì í fa àìsàn kankan, ó sì ń gbé inú ara fún wákàtí 12. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ife máa ń há, ó sì máa ń fa ilé ọmọ wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Tí a bá yọ ti ìpolówó kúrò, kí ni ọ̀kan fi sàn ju èkejì lọ?

*

Èsì kìíní

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe, ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti ṣẹ̀. Inú ojú ara ni à ń fi méjèèjì sí. Tampon ń mu ẹ̀jẹ̀. Ife ń gba ẹ̀jẹ̀ dúró.

Òwú ni tampon, tàbí òwú tí wọ́n pò mọ́ rayon, ìyẹn òwú àtọwọ́dá. Ohun tó bá ń mu omi kì í yan èyí tó máa mu: ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mu omi ara tó yẹ kó máa wà lójú ara. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ha èèyàn lára tó bá ń fà á jáde lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Ní ti ife, sílíkóònù irú èyí tí wọ́n ń lò fún ohun èlò ìṣègùn ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Rọ́bà tàbí ike rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe àwọn kan. Kì í mu nǹkan kan, torí náà kì í mú kí ojú ara gbẹ, bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ kéré tó.

Ẹ wá wo ìwọ̀n wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló ń darí orúkọ tí wọ́n ń kọ sára páálí tampon: light kò ju gíráàmù 6 lọ, regular ń mu 6 sí 9, super 9 sí 12, super plus 12 sí 15, ultra 15 sí 18. Ọ̀pọ̀ ife ń gba nǹkan bíi mílílítà 15 sí 30, àwọn ńlá kan sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí láti ọjọ́ kìíní títí yóò fi dá kò ju bíi mílílítà 30 sí 40. Tó bá ti kọjá 80, dókítà á kà á sí ẹ̀jẹ̀ àpọ̀jù.

Nítorí náà, wákàtí 12 tí wọ́n ń sọ yẹn, òpin ni, kì í ṣe ìlérí. Lọ́jọ́ kẹrin, ife lè wà nínú ara láti àárọ̀ di alẹ́ kó má tíì dé ìdajì. Lọ́jọ́ kejì, tí ẹ̀jẹ̀ ẹni náà bá pọ̀, ife yẹn kan náà lè kún láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn tó ń ṣe ife kan tilẹ̀ kọ wákàtí mẹ́jọ sínú ìwé tiwọn. Ìwé tó bá wà nínú páálí tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

*

Èsì kejì

"Kì í fa àìsàn kankan" ni èmi fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń tàn yín.

Àìsàn tí ọ̀rọ̀ náà dá lé ni toxic shock syndrome, tí wọ́n ń gé kúrú sí TSS. Bakitéríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Staphylococcus aureus ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tó bá rí ibi tó bá a lára mu, irú kan nínú rẹ̀ ń pèsè májèlé tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1980, ó mú ọ̀pọ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà, àwọn kan kú. Tampon tí wọ́n ń pè ní Rely, tí ilé iṣẹ́ Procter & Gamble ṣe, ni orúkọ rẹ̀ jáde jù, wọ́n sì kó o kúrò lórí àtẹ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Èròjà tó wà nínú rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì rọrùn láti fi í sílẹ̀ sínú ara pẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé kí tampon má kọjá wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ, kí a sì máa lo èyí tó kéré jù lọ tó lè ká ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ náà.

Ife ńkọ́? Lọ́dún 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Public Health gbé àgbéyẹ̀wò kan jáde tó kó ìwádìí 43 pọ̀, àwọn tó kópa lé ní 3,300. Ó rí i pé jíjò ife kò ju ti páàdì tàbí tampon lọ, pé ó tilẹ̀ kéré sí i nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó tún rí ẹni márùn-ún tí TSS mú nígbà tí wọ́n ń lo ife. Wọn kò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà.

Torí náà, ẹ mọ àmì rẹ̀: ibà òjijì tó gbóná dé nǹkan bíi 39°C, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ara tó pọ́n bí ẹni tí oòrùn pa, òòyì tàbí dídákú. Tí èyí bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan wà nínú ara, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé tampon tàbí ife wà níbẹ̀. Wọn kì í sábà ronú kàn án bí ẹ kò bá sọ. Ẹni tí TSS bá ti mú rí, kó má lo èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́.

*

Èsì kẹta

Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí TSS gba gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun tó ń lé àwọn obìnrin padà sídìí tampon kì í ṣe TSS. Jíjò ni, àti ẹ̀rù àtiyọ ife. Ife gba kíkọ́, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Tampon, ọ̀pọ̀ èèyàn ń mọ̀ ọ́n lò láàárín ọjọ́ kan. Ìyẹn gan-an ni àwọn tó ń polówó ife kì í sọ.

*

Èsì kẹrin

Ìdajì jíjò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ife, torí pé ọjọ́ orí àti ọmọ bíbí nìkan ni wọ́n wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ páálí ń kọ ni pé kí ẹni tí kò tíì pé 30 ọdún tí kò sì tíì bímọ mú kékeré, kí àwọn yòókù mú ńlá. Lójú tèmi, ibi tí ẹnu ilé ọmọ wà ló ṣe pàtàkì jù.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ń lọ lọ́wọ́, torí ẹnu ilé ọmọ lè wálẹ̀ ju ti ìgbà yòókù lọ, ẹ fọ ọwọ́, ẹ lóṣòó, ẹ ki ìka tó gùn jù wọlé. Ohun tó le díẹ̀, tó rí bí ṣóńṣó imú lábẹ́ ìka, òun ni. Tí ẹ bá kàn án nígbà tí oríkèé kan péré wọlé, ó wà nísàlẹ̀, ife kúkúrú ni kí ẹ wá. Tó bá jẹ́ oríkèé méjì, ọ̀pọ̀ ife ló máa bá yín mu. Tí gbogbo ìka bá wọlé kí ẹ tó kàn án, tàbí tí ẹ kò kàn án rárá, ife gígùn ló yẹ yín, kí ọwọ́ lè tó ìdí rẹ̀ nígbà àtiyọ. Ẹni tí ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó sì ra ife gígùn, ìrù ife, ìyẹn ṣóńṣó tó wà nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀, á máa gún un níta. Ẹ lè gé ìrù náà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ níta ara ni kí ẹ ti gé e, kí ẹ má sì jẹ́ kí abẹ kan ìdí ife.

Líle ife náà ń ṣe tiẹ̀. Ife tó le ń tètè ṣí nínú ara, ṣùgbọ́n ó lè tẹ ojú ìtọ̀, kó máa ṣe èèyàn bíi kó tọ̀ nígbà gbogbo, tàbí kí ìtọ̀ má dà geere. Ife tó rọ̀ kì í tẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń nira láti ṣí.

Ti tampon rọrùn ju èyí lọ. Tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí ibi funfun ṣì pọ̀ lára rẹ̀, tó sì ha yín, ẹ lọ sí èyí tó kéré sí i. Tó bá rin gbingbin kí wákàtí mẹ́rin tó pé, ẹ gòkè sí èyí tó ń mu jù ú lọ.

*

Èsì karùn-ún

Fífi sínú ló kàn, torí ibẹ̀ ni ìdajì kejì jíjò ti ń wá.

Kíká tí ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ́ni ni pé kí a tẹ ife pẹrẹsẹ, kí a wá ṣẹ́ ẹ po bíi lẹ́tà C. Ó rọrùn láti dì mú, àmọ́ orí rẹ̀ fẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ wọlé, ìyẹn sì ń dun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán èkejì wò: ẹ fi ìka kan tẹ etí ife wọnú títí yóò fi sún mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ wá fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. Orí rẹ̀ á rí ṣóńṣó, á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ lè fi omi pa á lára, tàbí jẹ́lì tí wọ́n fi omi ṣe. Jẹ́lì tí wọ́n fi sílíkóònù ṣe lè ba ife sílíkóònù jẹ́.

Ẹ má tì í sókè tààrà. Ojú ara dagun sẹ́yìn, síhà ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni kí ẹ dojú rẹ̀ kọ. Bákan náà ni ti tampon. Tampon tí ẹ bá ń mọ̀ lára nígbà tí ẹ jókòó kò tíì wọlé tó.

Nígbà tí ẹ bá ti jọ̀wọ́ ife sílẹ̀ nínú, ẹ fi ìka yí ìdí rẹ̀ po. Tó bá rí roboto yíká, ó ti ṣí. Tí ìka bá kan ibi tó tẹ̀ wọnú, kò tíì ṣí. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ yí i díẹ̀, tàbí kí ẹ fi ìka ti ẹ̀gbẹ́ ojú ara sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé.

Tó bá wá jò, ohun tó wà nínú ife nígbà tí ẹ yọ ọ́ ló máa sọ ìdí rẹ̀. Ife tó jò tí ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀ kò ṣí, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ilé ọmọ ló jókòó sí. Ẹ fi ìka wá ẹnu ilé ọmọ kí ẹ tó tì í wọlé, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ń dojú rẹ̀ kọ. Ife tó kún dé ẹnu, ẹ pẹ́ jù kí ẹ tó dà á nù, tàbí kó jẹ́ pé ó kéré fún yín. Èyí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni ife tó dé ìdajì péré tó sì ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ilé ọmọ ló sọ̀ kalẹ̀ sínú ife tó gba àyè ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ihò wínníwínní tó wà lábẹ́ etí ife ti dí. Láti la ihò náà, ẹ rọ omi kún ife, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wá fún un: omi á ta jáde láti ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́ tó há náà ń tẹ ife kúrò nípò rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló yọ lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á nù, tí kò sì yọ mọ́, ife kò jò. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára ojú ara nígbà tí ẹ yọ ife ni.

*

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an. Yíyọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tó bá wá kọ̀ tí kò jáde ńkọ́? Okùn tampon, mo mọ ibi tó wà.

*

Èsì kẹfà

Ife kò lè sọnù sínú ara. Ẹnu ilé ọmọ ló dí òkè, ihò tó wà lára rẹ̀ kò tó ohun tí ife lè gbà kọjá. Ó lè gòkè ju ibi tí ọwọ́ tó lọ, ìyẹn nìkan ni.

Okùn tampon wà fún fífà. Ìrù ife kò wà fún fífà, ohun tí ẹ máa tẹ̀ lé dé ìdí ife ni. Ibi tí àwọn tó ń lo tampon tẹ́lẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀ nìyẹn: wọ́n á di ìrù mú, wọ́n á fà á bí okùn. Ife ti fà mọ́ ara, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, bí wọ́n ṣe ń fà á ló ń fa ẹnu ilé ọmọ. Ìrora tí wọ́n ń ròyìn, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ lóṣòó. Ẹ fi ikùn ti nǹkan sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Tí ọwọ́ bá ti kan ìdí ife, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún un títí ẹ ó fi mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ó lè dún díẹ̀. Tí kò bá tú, ẹ ti ìka kan gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ wọnú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa mì ín sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń mú un bọ̀, ẹnu rẹ̀ lókè, kó má baà dà. Tí ọwọ́ kò bá tó o, ẹ dìde, ẹ rìn kiri fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún gbìyànjú. Ìbẹ̀rù ń mú kí iṣan ibẹ̀ le, ife á sì túbọ̀ há. Tí àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ bá ti fẹ́ pé tí kò tíì jáde, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á bá yín yọ ọ́, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ní ti fífa ilé ọmọ wálẹ̀, ìròyìn àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí wà, wọn kò pọ̀. Ẹni tí ilé ọmọ tàbí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lo ife.

Ẹni tí wọ́n fi ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí sínú ilé ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju gbogbo yín lọ. Àgbéyẹ̀wò ọdún 2019 tí wọ́n mẹ́nu kàn lókè rí obìnrin 13 tí ohun náà kúrò nípò lára wọn nígbà tí wọ́n ń lo ife. Ìfàmọ́ra ife lè fà á, ọwọ́ sì lè di okùn rẹ̀ mú pọ̀ mọ́ ìrù ife láìmọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi í síbẹ̀ pé ife lẹ ń lò, kó gé okùn rẹ̀ kúrú. Ní irú ọ̀rọ̀ yìí, tampon ni èmi á mú.

*

Èsì keje

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ omi. Ẹni tí kò bá ní omi mímọ́ àti ibi ìkọ̀kọ̀, kó má ra ife. Tampon ni kó lò: ó jáde, ó di ìdọ̀tí, ó parí.

*

Èsì kẹjọ

N kò gbà pẹ̀lú èyí. Ọwọ́ ni ẹ kọ́kọ́ nílò láti fọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ fún tampon náà, kí ẹ tó fi sí i. Tampon ń fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́fà lóòjọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ jù lè da ife nù láàárọ̀ àti lálẹ́ nìkan, nílé, níbi tí omi wà. Tó bá di dandan níta, ẹ gbé ìgò omi wọlé, kí ẹ ṣan ife lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Tí omi kò bá sí, ẹ fi tíṣù mímọ́ nù ún, ẹ dá a padà, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa tí ẹ bá délé.

Èyí tí ife kò lè ṣe láìsí omi ni sísè. Ẹ sè é kí ẹ tó lò ó nígbà àkọ́kọ́, àti ní ìparí nǹkan oṣù kọ̀ọ̀kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ bá ṣe sọ. Omi gbọ́dọ̀ bò ó, kó má sì kan ìsàlẹ̀ ìkòkò; ẹ má fi í sílẹ̀ lórí iná, torí omi á gbẹ, ife á sì jó. Láàárín ọjọ́ nǹkan oṣù, ẹ kọ́kọ́ fi omi tutù ṣàn án, nítorí omi gbígbóná ń mú kí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ wọra. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ tí kò ní òórùn. Ẹ má lo bílíìṣì. Inú àpò aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe inú ọ̀rá tàbí ike tí a dé pa. Àwọ̀ tó yí padà kì í ṣe ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n tó bá sán, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tí nǹkan bí lẹ́búlẹ́bú ń bo ojú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọdún 10 ni wọ́n kọ sára páálí.

*

Èsì kẹsàn-án

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un nípa ohun tó wà nínú tampon, torí ọ̀rọ̀ náà ń bà àwọn èèyàn lẹ́rù. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Berkeley yẹ tampon 30 wò láti inú orúkọ ọjà 14, wọ́n wá irin 16, wọ́n sì bá òjé nínú gbogbo wọn. Inú tampon ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kankan. Ẹ má tìtorí rẹ̀ nìkan sá fún tampon.

Ife kì í sì í ṣe ohun àná. Leona Chalmers gbàwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1937, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí Earle Haas gba ti tampon tó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń tì í wọlé.

*

Olùbéèrè

Mo ti lóye púpọ̀. Ó ku mẹ́ta: oorun alẹ́, odò lílúwẹ̀ẹ́, àti ẹni tí kò tíì bá ọkùnrin lò pọ̀ rí.

*

Èsì kẹwàá

Oorun: tampon tuntun kí ẹ tó sùn, ẹ yọ ọ́ ní kété tí ẹ bá jí. Tí oorun yín bá máa ń kọjá wákàtí mẹ́jọ, páàdì tàbí ife ni kí ẹ lò lóru.

Lílúwẹ̀ẹ́: méjèèjì dára. Okùn tampon ń fa omi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá jáde nínú omi.

Ẹni tí kò tíì bá ọkùnrin lò pọ̀ lè lo méjèèjì. Awọ ìbálé kì í bo ojú ara pátá, ihò wà níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, awọ náà sì ń nà. Ó lè ya díẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tampon tó kéré jù, lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀, nítorí ó ń yọ̀ wọlé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, kó má fi nǹkan kan sínú títí dókítà yóò fi ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ.

Ọ̀kan tún wà tí ẹ kò béèrè: tampon tí a gbàgbé sínú. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ dá. Òórùn burúkú àti omi tó yí àwọ̀ padà ni àmì rẹ̀. Tí ọwọ́ kò bá tó o, ẹ má fi nǹkan wá a, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

*

Èsì kọkànlá

Ẹ padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Aago ni aṣiṣe tampon: ó pẹ́ jù, tàbí ó ń mu ju ohun tí ọjọ́ náà nílò lọ. Ọwọ́ ni aṣiṣe ife: kò ṣí, tàbí wọ́n fà á láìtú afẹ́fẹ́. Ẹ wo èwo nínú méjèèjì lẹ lè ṣọ́. Ẹni tó ń gbàgbé àkókò, ife á gbà á lọ́wọ́ ewu díẹ̀. Ẹni tí kò lè fi ìka kan ara rẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú un kúrò nídìí tampon.

Ibì kan wà tí tampon kò ti lè bá ife dọ́gba: ife ń sọ iye. Ọ̀pọ̀ ní àmì mílílítà lára. Tí ẹ bá rò pé ẹ̀jẹ̀ yín ń pọ̀ jù, ẹ kọ ohun tó wà nínú ife sílẹ̀ kí ẹ tó dà á nù, lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Ẹ ro ti oṣù kọ̀ọ̀kan pọ̀. Tó bá ń kọjá 80, tàbí tí ife mílílítà 25 ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó ti dín kù lára, kí wọ́n sì wá ohun tó fà á.